"Man" Lórí Wẹ́ẹ̀bù: Kí Ló Yẹ Ká Tún Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí "man". Kì í ṣe ọkùnrin o! Ìkékúrú "manual" ni, ìyẹn ìwé àlàyé tó máa ń bá sọ́fítíwíà wá. Ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, ọdún 1971 ló wà lára àkọ́kọ́ ẹ̀, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ṣe fún Unix ní Bell Labs, l'Amẹ́ríkà. Títí dòní, tí ẹ bá tẹ "man ls" sínú tẹ́mínà, àlàyé á yọ.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kà á lórí wẹ́ẹ̀bù báyìí, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́: ti ẹ̀rọ wo lẹ̀ ń kà? Ẹ jẹ́ ká wo sed, tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú fáìlì:

sed -i 's/ewa/ẹ̀wà/' ounje.txt

Lórí Linux, ó ń ṣiṣẹ́. Lórí Mac, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé -i: àfikún orúkọ fún ẹ̀dà ìpamọ́, kódà kó jẹ́ '' lásán. Torí náà, Mac á gba 's/ewa/ẹ̀wà/' bí àfikún yẹn, á wá ka ounje.txt sí àṣẹ. Àṣìṣe ló máa já sí. Ó yẹ kí ojú ìwé sọ ẹ̀rọ àti ẹ̀dà tó ń ṣàlàyé lókè pátápátá. Debiman, tí Michael Stapelberg ṣe fún Debian, ń gbìyànjú níbẹ̀: ẹ lè yan ẹ̀dà Debian, ẹ sì lè yan èdè.

Nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì. crontab(1) ni àṣẹ fúnra ẹ̀. Crontab(5) ló ń sọ bí a ṣe ń kọ aago àti ọjọ́ sínú fáìlì ẹ̀. Tí wẹ́ẹ̀bù bá fi (1) nìkan hàn yín, ẹ lè wá a títí.

Ìkejì: fóònù. Tẹ́mínà àtijọ́ máa ń gba lẹ́tà 80 lórí ìlà kan. Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin l'Abbey Wood, lẹ́bàá Thamesmead, tó jẹ́ fóònù ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó máa fa ìlà yẹn sọ́tùn-ún sósì ni. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wẹ́ẹ̀bù lo orísun ìwé náà, tó ti sàmì sí ohun tó jẹ́ àṣàyàn àtohun tó jẹ́ orúkọ fáìlì. Báyìí ni mandoc, tí OpenBSD ń lò, ṣe ń ṣe é. Àṣàyàn kọ̀ọ̀kan lè ní líǹkì tiẹ̀, ẹ lè fi ránṣẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́ lórí WhatsApp.

Ìkẹta kan àwa gan-an: àmì ohùn. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú "ẹ̀" bí ege mẹ́ta: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Ó sì lè jẹ́ ege méjì: ẹ, àmì òkè. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí a bá fẹ́ kọ "man" lédè Yorùbá, ìṣàwárí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ gbogbo ẹ̀ di irú kan. Unicode ti ní ìlànà fún un.

Ẹni tí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ò ní àmì ńkọ́? Kó tẹ "oko", kí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ jáde fún un. Ẹni tó bá tẹ "ọkọ̀", kí ọkọ̀ ṣáájú.

Ẹ lọ wá sed ní manpages.debian.org, kí ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó dìgbà o!