Ìbínú Ọjọ́ Kan, Ìjà Ọdún Mẹ́wàá: Ẹjọ́ Ìpànìyàn Abúlé ní Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ìròyìn nípa ẹjọ́ ìpànìyàn abúlé kì í gùn. Àgbẹ̀ méjì jà, ọ̀kan kú, adájọ́ ní kí wọ́n lọ yẹgi fún èkejì títí tí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀, òǹkàwé ṣí ojú ìwé mìíràn. Ohun tí ìròyìn náà kì í sábà sọ ni pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ gíga bá dá ẹjọ́ ikú fún kò nílò láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gba ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 ti fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn ní tààrà. Bí àwọn adájọ́ ibẹ̀ bá tún fọwọ́ sí ikú náà, òfin kan náà fún un láyè láti dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ l'Ábùjá. Ọjọ́ 90 ló ní láti fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀, àwọn wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n pàápàá sì mọ ètò náà dáadáa. Ẹjọ́ tí ìwé ìròyìn ti pa dé máa ń gbé láyé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Kí ẹnikẹ́ni má retí ohun tó ń rí nínú fíìmù ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kò sí ẹlẹ́rìí tó ń sunkún, kò sí àdá ẹlẹ́jẹ̀ lórí tábìlì. Adájọ́ mẹ́ta ló ń jókòó, ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Adó-Èkìtì, ìwé gbàǹgbà kan sì wà níwájú wọn tó kó gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní ilé-ẹjọ́ gíga sínú. Àwọn agbẹjọ́rò ti kọ àwíjàre wọn sílẹ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè wọ́n, wọ́n á dìde, wọ́n á ní àwọn dúró lórí ohun tí àwọn kọ, wọ́n á jókòó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kì í sọ nǹkan kan. Ìtàn bí wọ́n ṣe dá ilé-ẹjọ́ yìí sílẹ̀ ní 1976, àti bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè dé Lọ́ńdọ̀nù kí ọdún 1963 tó dé, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ka ìwé òfin ní yunifásítì.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí kò ju ìbéèrè kan lọ: irú ìbínú wo ni òfin ń gbà fún ẹ̀dá?

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún láti 1916, tí wọ́n wo ti Queensland ní Ọsirélíà kọ, sọ pé bí wọ́n bá mú èèyàn bínú lójijì, tó sì pànìyàn nínú gbígbóná ìbínú náà kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yóò fúyẹ́ díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́ ni ìyàtọ̀ ikú àti ìyè. Fún èyí tó wúwo, adájọ́ kò ní àyè kankan láti ṣàánú, bó wù ú bí kò wù ú; ikú ni òfin kọ sílẹ̀. Fún èyí tó fúyẹ́, ẹ̀wọ̀n gbére ló pọ̀ jù, adájọ́ sì lè mú un wá sílẹ̀ sí ọdún díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá dórí aago. Ẹni tó bínú, tó sáré relé lọ mú ìbọn ṣakabùlà wá, ti pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé.

Ṣùgbọ́n ìjà abúlé kì í bá aago rìn. Ó lè jẹ́ pé láti ayé bàbá wọn ni wọ́n ti ń fa ààlà oko kòkó kan. Ẹnì kan ti hú pèrègún tó wà lójú ààlà lẹ́ẹ̀mejì. Ewúrẹ́ ọ̀kan jẹ ẹ̀gẹ́ èkejì, baálẹ̀ ní kó san owó, kò san. Wọn kì í kí ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, ọ̀kan bú ìyá èkejì, ọ̀rọ̀ sì di ti àdá. Agbẹjọ́rò ẹni tó ṣá èèyàn fẹ́ kí àwọn adájọ́ ka gbogbo ọdún wọ̀nyẹn mọ́ ọn, kó lè yé wọn pé èébú ọjọ́ náà kì í ṣe èébú lásán, pé orí egbò tí kò tíì jinná ló bọ́ sí. Agbẹjọ́rò ìjọba kò ní í ta kò ó rárá. Òun náà fẹ́ kí wọ́n kà á dáadáa, nítorí lọ́wọ́ tirẹ̀, ìkórìíra ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀rí pé ọkùnrin náà ti ń wá ọjọ́ tipẹ́. Ìtàn kan náà tí ẹgbẹ́ kan gbé wá láti fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là ni ẹgbẹ́ kejì fi ń so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Òfin tó ní kí ìbínú jẹ́ ti òjijì kò mọ ohun tó máa fi ìbínú tó ti dàgbà ṣe, àfi kó pè é ní ète.

Ọ̀rọ̀ àdá náà wà níbẹ̀. Àwọn adájọ́ fẹ́ràn láti máa sọ pé kí ìfèsì má ju ìwọ̀sí lọ: ẹ̀ṣẹ́ fún ẹ̀ṣẹ́, kì í ṣe àdá fún ẹ̀ṣẹ́. Ó dùn ún gbọ́ ní yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ kò yan àdá. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ ló lọ ṣe. Ìbínú kan náà nínú ìgboro ì bá parí sí ìgbájú, kí wọ́n sì là wọ́n. Ilé-ẹjọ́ á wo ohun tó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, ibi tó ṣá ẹni náà àti bó ṣe fi agbára ṣá a tó, wọ́n á sì fi ìyẹn mọ èrò ọkàn rẹ̀. Kò tilẹ̀ pọn dandan kó fẹ́ pa á: bó bá fẹ́ ṣe é léṣe gidi, ó ti tó fún ẹjọ́ ikú. Ní tèmi, iye ìgbà tó ṣá a ló yẹ kó wúwo jù. Ẹni tó ju àdá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì fi í sílẹ̀ kò jọ ẹni tó tẹ̀ lé olóògbé bó ṣe ń sá lọ. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta á tún wá búra pé àwọn gbọ́ tó ń pariwo pé, “Màá pa ẹ́ lónìí!” Ta ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tó fọ́ àwo nínú ilé? Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́, ó ti di ète.

Ta wá ni wọ́n ń fi wọn ìbínú yìí? Òfin ní kí wọ́n wò ó bóyá ohun tí wọ́n ṣe lè mú kí èèyàn lásán sọ ìjánu ara rẹ̀ nù. Ó ka àwọn tí ìwọ̀sí wọn kan èèyàn: ọkọ tàbí ìyàwó, ọmọ, òbí, ọmọ ìyá, ọ̀gá àti ọmọọ̀ṣẹ́. Ti àna kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ a sì mọ ohun tí ìwọ̀sí àna lè dá sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà ìjọba òyìnbó, láàárín 1940 sí 1949, àwọn adájọ́ ilẹ̀ yìí ti ń sọ pé ará oko tí kò kàwé ni kí wọ́n fi wọn ará oko, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Àánú ni wọ́n pè é. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣàpèjúwe ará oko ọ̀hún nínú ìdájọ́ wọn kò ṣeé kà sí i létí. Àwọn agbẹjọ́rò wa kò jù ú nù títí dòní. Ọmọ Yorùbá á dìde, á de irun funfun mọ́rí, á sì máa bẹ adájọ́ mẹ́ta pé oníbàárà òun kò lajú, pé irú wọn kì í lè kóra wọn níjàánu. Oníbàárà náà sì lè jẹ́ alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo abúlé ń gbé ìjà wá bá kó tó di pé tirẹ̀ dé.

Ìwọ̀n ará oko yìí máa ń já tí wọ́n bá dórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ẹni tó pa ìyá àgbàlagbà nítorí pé ó gbà tọkàntọkàn pé ìyá náà ló ń pa àwọn ọmọ òun, gbogbo ará abúlé ì báà máa gbà bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ á ní ìgbàgbọ́ náà kò bọ́gbọ́n mu, kò sì lè dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kù. Mo fara mọ́ wọn. Àwọn ìyá arúgbó tí kò lẹ́nìkan ni ìgbàgbọ́ yẹn sábà ń pa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ fún wa pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ Yorùbá kan náà kò sí lábẹ́ ìwé kan. Ẹni tó jà ní Ọ̀fà àti ẹni tó jà ní Òkukù kò jìnnà síra, wọ́n sì lè jẹ́ àna ara wọn, àmọ́ Kwara, níbi tí Ọ̀fà wà, jogún ìwé òfin tí àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960, èyí tó gba Sudan kọjá láti Íńdíà dé ọ̀dọ̀ wa. Àyè kan wà nínú rẹ̀ tí ti gúúsù kò ní. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lójijì láìsí ète tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó pànìyàn kò rẹ́ ẹnì kejì jẹ, tí kò sì hùwà ìkà tó ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kò ní í pa á. Ẹ̀yin tó ń gbé ní ìhà gúúsù, ẹ má tíì ṣí lọ. Ẹni tó fi àdá dojú kọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, wọ́n á ní ó rẹ́ ẹ jẹ, àyè náà á sì tì.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ tàbí kó dára. Afurasí sọ̀rọ̀ ní Èkìtì pọ́ńbélé, ọlọ́pàá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kó tẹ̀ka. Bí ẹni tó ṣe ògbufọ̀ kò bá wá jẹ́rìí ní ilé-ẹjọ́, ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni ìwé náà, agbẹjọ́rò tó bá mọṣẹ́ yóò sì fi ìyẹn já a gbà. Bí ìwé náà bá dúró, adájọ́ lè fi òun nìkan dá a lẹ́bi, kódà bó bá padà sẹ́ ẹ. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn 2015 ti dá a lábàá pé kí wọ́n máa gba ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fídíò, kí agbẹjọ́rò sì wà níbẹ̀. Ìjà tó wá bẹ́ sílẹ̀ ni bóyá ìmọ̀ràn ni tàbí dandan. Àgọ́ tó ń bẹ olùfisùn pé kó ra epo sọ́kọ̀ ni a ní kó lọ ra kámẹ́rà.

Ohun tí kò sí nínú ìwé ìjẹ́wọ́ máa ń pànìyàn ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà sọ pé iṣẹ́ Èṣù ni, pé kí wọ́n dárí jì òun. Kò sọ pé wọ́n bú ìyá òun, nítorí kò mọ̀ pé èébú yẹn ló lè gba òun là. Ó tilẹ̀ lè máa tijú láti tún un sọ lẹ́nu. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, agbẹjọ́rò rẹ̀ mẹ́nu bà á, adájọ́ sì ṣí ìwé ọjọ́ kìíní, kò rí i níbẹ̀. Àròsọ ẹ̀yìn ẹjọ́ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ó tún burú sí i bó bá ti kọ́kọ́ búra ní ilé-ẹjọ́ gíga pé òun kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni pé òfin ní kí adájọ́ yẹ gbogbo ààbò tó bá hàn nínú ẹ̀rí wò, bí olùjẹ́jọ́ kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ẹni tí kò sí níbẹ̀ bínú?

Nípa àwọn ẹlẹ́rìí, ìdáhùn ilé-ẹjọ́ rọrùn: jíjẹ́ ẹbí olóògbé kò ba ẹ̀rí jẹ́, àfi bí ẹlẹ́rìí bá ní ohun tirẹ̀ tó ń dáàbò bò. Ní abúlé tí gbogbo èèyàn ti jẹ́ ẹbí, tí ẹlẹ́rìí kan yóò sì jogún oko tí wọ́n ń jà lé, mi ò mọ ẹni tí kò ní ohun tirẹ̀. Àìsí àyẹ̀wò dókítà pàápàá kì í da ẹjọ́ rú bí olóògbé bá kú lójú ẹsẹ̀. Ibi tó ti ń di wàhálà ni tí wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, tó kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣé àdá ló pa á ni, àbí àgbo? Ìwé òfin 1916 náà ní bí ikú bá dé lẹ́yìn ọdún kan àti ọjọ́ kan, kì í ṣe ẹni tó ṣá a ló pa á.

Bí àwọn adájọ́ mẹ́ta bá fọwọ́ sí ìdálẹ́bi, àwọn márùn-ún l'Ábùjá kì í fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yẹ̀ wò mọ́, nítorí ilé-ẹjọ́ méjì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Gómìnà ló kù, òun náà kì í fẹ́ fọwọ́ sí ikú, bẹ́ẹ̀ ni kì í yára dárí jì. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n 2019 gbà pé ẹni tó bá ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tí ẹjọ́ rẹ̀ ti tán lè rí i kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ sọ ikú rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tó bá ṣoríire, tí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ di èyí tó fúyẹ́, lè bá a pé àwọn ọdún tó ti lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún tí wọ́n dá fún un. Yóò padà sí abúlé. Nínú gbogbo ìwé tí àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn kọ, kò sí ẹnì kan tó sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹjọ́ ti ààlà yẹn wà ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ti gbé e débẹ̀.