Òòfà Ọtí àti Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ kò tíì lù tí ìyá oníparaga fi pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì. Bàbá awakọ̀ kan kò lè gbé ife kékeré tí wọ́n bu fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ló bá tẹrí ba, ó fi ètè fa ọtí náà lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí yóò fi mu ife kejì tán, ara ti ń balẹ̀, ó sì ń ka owó rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì í kò gbọ̀n rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti búra pé òun ti jáwọ́, ṣùgbọ́n bí òórùn ọtí bá ti kàn án nímú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà. Ta ni ọtí ti di bárakú fún nínú wọn?

Ọ̀pọ̀ wa á nàka sí bàbá, nítorí ojú rí tirẹ̀. Ọpọlọ tí ọtí ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ti kọ́ bí yóò ṣe máa ta kò ó. Bí ọtí bá dáwọ́ dúró lójijì, kò sóhun tó di ọpọlọ náà mú mọ́. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, oorun á dá. Gìrì lè gbé ẹlòmíì kí wákàtí 48 tó pé. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn kan á máa rí kòkòrò tí kò sí níbẹ̀ lára ògiri, ìyẹn làwọn ará ilé sì ń pè ní àṣàsí. Àwọn kan ti rò pé àìjẹunre ọ̀mùtí ló ń fà á. Ní 1955, dókítà Harris Isbell àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lexington, Kentucky, fún àwọn ọkùnrin tó gbà láti ṣe é lọ́tí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì ń bọ́ wọn dáadáa. Nígbà tí wọ́n gba ọtí lọ́wọ́ wọn, ìgbọ̀n dé.

Òòfà, ìyẹn ìfẹ́ ọtí tó ń fa ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ní tirẹ̀, ẹnu aláìsàn la ti ń gbọ́ ọ, ẹnu sì lè purọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fi kà á mọ́ àmì bárakú ọtí ní 1994. Ẹ sì wò ó: lọ́dún yẹn gan-an ni ìjọba wọn fọwọ́ sí lílo naltrexone, oògùn tó ń dín òòfà kù, fún bárakú ọtí! Ní 2013 ni ìwé náà tó fi òòfà kún àmì 11 rẹ̀. Méjì nínú wọn láàárín oṣù 12 ti tó láti sọ pé ọ̀rọ̀ ọtí ti di àìsàn. Nípa ìwọ̀n yìí, ọwọ́ gbígbọ̀n nìkan kò tó, ọ̀dọ́mọkùnrin wa sì lè wọ inú ẹjọ́ náà láìgbọ̀n rárá.

Tí a bá ń wá ẹni tí bárakú ti mú, òòfà ni n ó kọ́kọ́ béèrè, torí ìgbọ̀n sábà máa ń pẹ́ dé, òòfà ló sì tún ń fa ẹni tó ti gbọ̀n tán padà sí ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀n ló lè pa ènìyàn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ọ̀mùtí ojoojúmọ́ mọ́lé kó lè jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.