FENSELAU, CATHERINE: Ọ̀jọ̀gbọ́n Bayokẹ́mísìrì ní College Park

Catherine Fenselau wà lára àwọn tó sọ mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo dá mólékù mọ̀, di irinṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn. Yunifásítì Maryland ní College Park, káúńtì Prince George's, ló ti ṣe apá ìkẹyìn iṣẹ́ rẹ̀.

Ìbí àti ẹ̀kọ́. Wọ́n bí i ní York, Nebraska, ní 1939. Ó kàwé gboyè ní Bryn Mawr ní 1961, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní Stanford ní 1965 lábẹ́ Carl Djerassi, ẹni tí ẹgbẹ́ ìwádìí rẹ̀ ṣe norethisterone, èròjà oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ní Mẹ́síkò ní 1951.

Baltimore. Ní 1967 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Johns Hopkins. Níbẹ̀ ni òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Michael Colvin ti tọpa cyclophosphamide, oògùn jẹjẹrẹ tí kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ̀dọ̀ bá yí i padà. Ní 1977 wọ́n fi hàn pé aldophosphamide wà lára ohun tí ara aláìsàn ń sọ ọ́ dà. Èyí ló ń di phosphoramide mustard, tó ń de okùn DNA méjèèjì mọ́ra wọn, tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò fi ní lè pín mọ́. Oògùn kan náà ni dókítà ń lò fún lupus, àìsàn tí ìdáàbòbò ara fi ń gbógun ti ara fúnra rẹ̀, tó bá kọlu kíndìnrín.

College Park. Ó di olórí ẹ̀ka kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Maryland, Baltimore County (UMBC), ní 1987, ó sì kọjá sí College Park ní 1998. Ní 2001, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ọ̀nà kan jáde: wọ́n fi oxygen-18, tó wúwo ju oxygen lásán lọ, sàmì sí púrótéènì ọ̀kan nínú ohun méjì tí wọ́n ń fi wéra, wọ́n sì wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ti èkejì. Wọ́n fi ọ̀nà yìí wé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tí oògùn ń pa mọ́ èyí tí oògùn kò ràn.

Ní 2014, òun àti àwọn onímọ̀ ìdáàbòbò ara ní UMBC ṣàyẹ̀wò púrótéènì inú àwọn àpò tín-ín-tìn-ìn-tín tí sẹ́ẹ̀lì MDSC ń tú jáde. MDSC ni jẹjẹrẹ fi ń kun àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàfára lóorun. Lupus, tí a mẹ́nu bà lókè, ni òdìkejì ohun tí jẹjẹrẹ ń ṣe yìí: nínú ti jẹjẹrẹ, ọdẹ sùn, nínú ti lupus, ọdẹ ń yìnbọn lu onílé.

Oyè àti ipò. Olóòtú àkọ́kọ́ Biomedical Mass Spectrometry, 1974. Ààrẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ mass spectrometry Amẹ́ríkà, 1982–1984. Àmì-ẹ̀yẹ Garvan ti American Chemical Society, 1985.