A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ wa. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí ti Sèmè. Òwò ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bàjẹ́ kó tó dìgbà náà. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ẹgbẹ́ oníṣòwò bíi Lagos Chamber of Commerce and Industry, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1888, máa ń pèpàdé lé lórí. Ẹni tí yóò lọ ní láti kọ orúkọ àti òwò rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n bí olórí kò bá yọjú, abẹ kò ní í dúró dè é. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á bá àwọn ìyá wa tí kò mọ̀ọ́kọ forúkọ sílẹ̀.