Ìpara tretinoin àti adapalene fún irorẹ́: Bí ẹ ṣe lè lò ó tí kò fi ní ba ojú yín jẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tí dókítà kọ ìpara tretinoin tàbí adapalene fún nítorí irorẹ́ ni kì í lò ó dé ibi tó ti máa ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì lè má tíì pé tí ojú á ti máa ta wọ́n, tí awọ á máa ṣí, tí irorẹ́ tuntun á tún sú kún èyí tó wà nílẹ̀. Wọ́n á ní oògùn náà kò bá àwọn lára mu, wọ́n á sì pa á tì. Àwọn mìíràn ń kánjú ní tiwọn: wọ́n á máa pa á sójú láàárọ̀ àti lálẹ́ kí irorẹ́ lè tètè lọ, títí ojú á fi bó, tí á sì dúdú.

Oògùn náà kọ́ ló jẹ̀bi. Nínú ìlànà tí AAD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2024, ìpara rẹ́tínọ́ìdì, ìyẹn ìdílé oògùn tí tretinoin àti adapalene ti wá, wà lára àwọn tí wọ́n tẹnu mọ́ jù fún irorẹ́. Bí a ṣe lò ó ló ń sọ bóyá á tún ojú ṣe tàbí á dá kún ìṣòro. Àwa aláwọ̀ dúdú ló sì yẹ ká mọ̀ ọ́n lò jù.

Kí ló ń fa irorẹ́?

Nídìí irun kọ̀ọ̀kan tó wà lójú wa, títí kan èyí tó kéré débi pé a kì í rí i, àpò kékeré kan wà tó ń sun ọ̀rá jáde kí awọ má baà gbẹ. Bí ọmọ bá ń bàlágà, họ́mọ̀nù á mú kí ọ̀rá yìí pọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì awọ tó ti kú, tó yẹ kó máa re dànù, á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà, yóò sì dí ẹnu ihò irun náà. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes, tó ń gbé lára gbogbo wa, á wá ráyè pọ̀ sí i níbẹ̀. Ara á dìde sí i, ibẹ̀ á wú, á máa dunni, á sì lè ṣe ọyún.

Ihò náà a ti máa dí lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó rí nǹkan kan lójú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni ìdí tí a kì í fi í pa ìpara yìí sórí ẹyọ irorẹ́ kan ṣoṣo.

Ìpara irun náà a máa dá sí i. Láti ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lórí irorẹ́ tó ń to sí iwájú orí àti ẹ̀bá irun àwọn tó ń fi ìpara ọlọ́ràá kun orí. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni tiyín pọ̀ sí, ẹ yẹ ohun tí ẹ fi ń kunrun wò kí ẹ tó máa wá oògùn kiri.

Iṣẹ́ wo ni oògùn náà ń ṣe?

Ọmọ fítámìn A ni gbogbo rẹ́tínọ́ìdì. Èròjà tó mú epo pupa pọ́n wà lára ohun tí ara wa ń sọ di fítámìn A, ṣùgbọ́n jíjẹ epo tàbí fífi epo para kò lè wo irorẹ́. Tretinoin ti wà ní ìrísí tí sẹ́ẹ̀lì ń lò tààrà. Á wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, á sì yí bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń dàgbà àti bó ṣe ń re padà, kó má baà máa lẹ̀ mọ́ra nínú ihò. Èyí tó ti dí á ṣí, èyí tó fẹ́ dí kò ní lè dí mọ́. Ìdènà ni olórí iṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yá.

Tretinoin wà ní 0.025%, 0.05% àti 0.1%. Adapalene wà ní 0.1% àti 0.3%, ara sì máa ń gbà á ju tretinoin lọ. Tazarotene le jù wọ́n lọ, trifarotene sì dé lọ́dún 2019. Lọ́dún 2016 ni àjọ FDA, tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbà kí wọ́n máa ta adapalene 0.1% láìsí ìwé dókítà, ṣùgbọ́n ìwé dókítà ni wọ́n ṣì fi ń gba irú rẹ̀ ní Bìrìtìkó. Ẹni tí mọ̀lẹ́bí bá fi èyí tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí ṣì nílò dókítà tàbí apòògùn tó máa wo ojú rẹ̀. Irọ̀rùn tó wà nínú rírà á kò sọ pé ó bá gbogbo ojú mu.

Níbo ni oògùn náà ti wá?

Albert Kligman, dókítà awọ ara ní Yunifásítì Pennsylvania, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ lílo tretinoin fún irorẹ́. FDA fọwọ́ sí i lọ́dún 1971. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1951 sí 1974, Kligman àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lo àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó wà ní Holmesburg, nílùú Philadelphia, láti fi dán onírúurú oògùn àti kẹ́míkà wò. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún wọn, wọn kò sì là á yé wọn bó ṣe yẹ ohun tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Pennsylvania tọrọ àforíjì lọ́dún 2021, ìjọba ìlú Philadelphia sì ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2022.

Oògùn náà dára, ṣùgbọ́n ìwà ìkà ni wọ́n hù sí àwọn èèyàn yẹn. Aláwọ̀ dúdú ti jẹ ìyà tó pọ̀ tó lórí ìmọ̀ awọ ara. Kò yẹ kí a tún máa jẹ ìyà torí pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó.

Báwo la ṣe ń lò ó?

Alẹ́ ni a máa ń lo tretinoin, torí ìmọ́lẹ̀ a máa bà á jẹ́. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú. Ẹ gbé kànìnkànìn sílẹ̀, ọwọ́ lásán ti tó. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ omi ojú gbẹ, ẹ má ṣe ha á. Kí ẹ wá dúró bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí awọ gbẹ dáadáa, nítorí oògùn náà a máa tètè ta awọ tó bá tutù.

Ẹ fún ìpara náà sórí ìka, kó má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Gbogbo ojú ni ìwọ̀n yẹn máa kárí. Ẹ tò ó kán sí iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti àgbọ̀n, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra nà án ká gbogbo ibi tí irorẹ́ ti máa ń jáde, ì báà jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dé ẹ̀bá ẹyinjú, igun imú àti igun ẹnu. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ pa ìpara tí kò lóòórùn, tí kì í dí ihò awọ, lé e lórí. Bí ojú yín bá tètè máa ń ta, ẹ kọ́kọ́ pa ìpara yẹn kí ẹ tó lo oògùn.

Alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin bá kọjá tí ara gbà á, ẹ lò ó ní alẹ́ kan, kí ẹ fo ìkejì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á lè máa lò ó lálaalẹ́. Bí ojú bá ti ń ro yín jù, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pípọ̀ rẹ̀ kì í mú un yá. Ojú ló ń bó.

Láàárọ̀, ẹ fi ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ òòrùn, tó jẹ́ SPF 30 ó kéré tán, para. Òòrùn a máa ta awọ tó wà lábẹ́ oògùn yìí, a sì máa mú kí àpá dúdú pẹ́ lójú.

Kí ni kí ẹ máa retí?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà, ojú lè gbẹ, ó lè ṣí, irorẹ́ sì lè pọ̀ sí i, torí àwọn tó ti ń dí lábẹ́lẹ̀ ń jáde. Ó máa ń rọlẹ̀. Ìyàtọ̀ sábà máa ń hàn láàárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkejìlá. Ṣùgbọ́n bí ojú bá wú, tó lé ròrò tàbí tó ń ṣomi, ìyẹn ti kọjá ohun tí a ń retí: ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ rí dókítà.

Kí nìdí tí aláwọ̀ dúdú fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù?

Ohunkóhun tó bá ta awọ dúdú lára, ì báà ṣe irorẹ́, ì báà ṣe oògùn, lè fi àpá dúdú tó máa wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn kì í tiẹ̀ bínú irorẹ́ tó àpá yìí. Ìpara rẹ́tínọ́ìdì tí a rọra lò a máa bá wa pa àpá bẹ́ẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kánjú lò ó á tún dá òmíràn sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń po ìpara abóra ti ń rí oníbàárà. Wọ́n á ní àwọn máa fi ọjọ́ díẹ̀ mú àpá kúrò. Nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, clobetasol tàbí betamethasone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, sábà máa ń wà. Ojú á kọ́kọ́ dán. Bó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ tí sítẹ́rọ́ìdì fúnra rẹ̀ ń fà á jáde, ọjọ́ tí ẹ bá sì dá a dúró ni gbogbo ojú á gbiná.

Nítorí náà, ẹ yí túùbù náà padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i kí ẹ tó sanwó. Orúkọ oògùn kan àti ìwọ̀n rẹ̀ ló yẹ kí ẹ rí: tretinoin 0.025%, bí àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá rí hydroquinone, èròjà tó ń bóra, tàbí sítẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol, betamethasone, mometasone tàbí fluocinolone níbẹ̀, ẹ dá a padà. Àwọn dókítà máa ń fi àdàlù tretinoin, hydroquinone àti sítẹ́rọ́ìdì wo irú àpá ojú kan fún ìgbà kúkúrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn irorẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, àti ọjọ́ tí oògùn máa kú pẹ̀lú.

Kí ni kò gbọdọ̀ bá a pàdé?

Ẹ jìnnà sí ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ ìfọyín, iyanrìn ìfọjú àti ọṣẹ tó ń gbẹ ojú. Ẹ má ṣe fi ìda fa irun ojú ní àkókò tí ẹ ń lò ó. Benzoyl peroxide, oògùn irorẹ́ mìíràn, lè ba ọ̀pọ̀ ìpara tretinoin jẹ́ bí a bá pa wọ́n pọ̀, nítorí náà àárọ̀ ni a máa ń lo ọ̀kan, alẹ́ sì ni ìkejì. Adapalene kò ní ìṣòro yìí. Ìpara apakòkòrò tí dókítà bá kọ kún un kò yẹ ní dídá lò, kí bakitéríà má baà kọ oògùn náà.

Aboyún àti ẹni tó ń wá oyún kò gbọdọ̀ lo rẹ́tínọ́ìdì. Isotretinoin, rẹ́tínọ́ìdì oníhóró tí à ń gbé mì, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1982, lè ba ọmọ inú jẹ́ gidigidi. Ìwọ̀n tó ń gba inú ìpara wọ ẹ̀jẹ̀ kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kì í fi ọmọ inú dán nǹkan wò. Bí oyún bá dé nígbà tí ẹ ń lò ó lọ́wọ́, ẹ dá a dúró, kí ẹ sọ fún dókítà. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà gbọ́dọ̀ béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà?

Bí irorẹ́ bá tóbi, tó le kọdọrọ nínú awọ tàbí tó ń fi ihò sílẹ̀ lójú, ẹ má ṣe dúró. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí irùngbọ̀n sì tún ń hù, nílò àyẹ̀wò họ́mọ̀nù. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, oògùn mìíràn wà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ojú dídán ọjọ́ mẹ́ta fún yín. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan, ìpara òòrùn láràárọ̀, àti oṣù mẹ́ta gbáko: ohun tí oògùn yìí ń béèrè nìyẹn.