Ìléru Onígi Níta Ilé: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé Mọ̀ Kí Òtútù Tó Dé

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìpínlẹ̀ olótùútù ní Amẹ́ríkà, bíi New York, Vermont, Wisconsin àti Minnesota, la kọ ọ́ fún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ra ilé sí ìgbèríko tí páìpù gáàsì kò dé. Bóyá ẹ bá ìléru onígi nínú ọgbà ilé tí ẹ rà ni o, bóyá ẹ fẹ́ ra tuntun, bóyá ti aládùúgbò ló ń rú èéfín sí yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìléru yìí dà bí ahéré kékeré onírin tó ní ọ̀pá èéfín kúkúrú lórí. Inú rẹ̀ ni igi ti ń jó, omi ló sì yí ibi tí iná wà ká. Omi náà á gbóná tó nǹkan bí 82°C, pọ́ọ̀ǹpù tó ń lo iná mànàmáná á wá fà á gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Òun ló ń mú yàrá móoru, ó sì lè mú omi ìwẹ̀ gbóná pẹ̀lú.

Tí omi bá ti gbóná tó, ìléru á sé ihò afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Iná ò ní kú, àmọ́ kò ní jó geere mọ́. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó, tí omi tún ń fa ooru rẹ̀, kì í jó igi tán. Ohun tí kò jó tán náà ló ń di èéfín tó nípọn. Nítorí pé ọ̀pá èéfín kúrú, èéfín náà kì í ròkè. Ńṣe ló máa ń ràbàbà nílẹ̀, àgàgà láàárọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́.

Ohun tí èéfín ń ṣe fún ara

Carbon monoxide, benzene àti èérún tó wẹ́ gan-an wà nínú èéfín igi. Irun orí kan nípọn ju ẹyọ èérún yìí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30. Imú àti ọ̀fun kò lè dá a dúró. Tààrà ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè jẹ́ kí ásímà dìde, ó sì lè mú kí àrùn ọkàn le sí i. Ọmọdé, aláboyún, àgbàlagbà àti ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dá ṣáká ló máa ń tètè pa lára.

Igi gbígbẹ ni àkọ́kọ́

Ìdajì ìwọ̀n igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ omi. Omi yìí ni iná á kọ́kọ́ gbẹ kó tó fún yín ní ooru. Omi inú igi tí ẹ máa dá kò gbọ́dọ̀ ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mítà kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́.

- Ẹ la igi kí ẹ tó tò ó.
- Ẹ má ṣe tò ó sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ bo orí rẹ̀, kí ẹ sì ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn.
- Igi tó rọ̀, bíi páìnì, nílò oṣù 6 ó kéré tán. Igi líle nílò ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- Igi tó gbẹ máa ń fúyẹ́, ojú ibi tí a ti gé e á sán, á sì dún gan-an tí ẹ bá fi méjì lu ara wọn.

Ẹni tó dúró di oṣù Kọkànlá kó tó gé igi tó fẹ́ dá ní oṣù Kejìlá, èéfín ló máa rí, kò ní rí ooru.

Ẹ má ṣe sun ìwọ̀nyí

Ìdọ̀tí ilé, ọ̀rá, ike, táyà, pákó tí a kùn, àti pákó tí wọ́n fi oògùn sí kó má baà jẹrà. Arsenic, tó jẹ́ májèlé, wà nínú ọ̀pọ̀ pákó olóògùn tí wọ́n tà fún iṣẹ́ ilé títí di ọdún 2003. Bí ẹ bá sun ún, á wọ inú èéfín, á sì kù sínú eérú.

Òfin ńkọ́?

Ọdún 2015 ni EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, gbé òfin kalẹ̀ lórí ìléru yìí. Láti ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ìwọ̀n èéfín tí wọ́n gbà láàyè fún ìléru tuntun tún ti dín kù sí i. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì EPA lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ní tiwọn: ní New York, ọ̀pá èéfín kò gbọ́dọ̀ kúrú ju ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú yín bóyá wọ́n gbà á láàyè, àti bó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé aládùúgbò tó.

Ààbò

- Ẹ rọra ṣí ilẹ̀kùn ìléru, kí ẹ sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iná lè bù jáde nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọlé lójijì.
- Ẹ kó eérú sínú garawa onírin tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e jìnnà sí ilé. Ẹyinná lè wà láàyè nínú eérú fún ọjọ́ mélòó kan.
- Tí iná mànàmáná bá lọ, pọ́ọ̀ǹpù á dúró. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn tí ẹ ó fi móoru.
- Ẹ fi aago ìkìlọ̀ carbon monoxide sí ẹ̀bá yàrá tí ẹ ń sùn. Afẹ́fẹ́ olóró yìí náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ìdílé mọ́jú ní Nàìjíríà. Kò ní òórùn, ojú ò sì rí i.

Ìgbà wo lẹ gbọ́dọ̀ wá ìrànlọ́wọ́?

Tí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, àgàgà tó bá ṣe ju ẹnì kan lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde síta kíá, kí ẹ pe 911. Ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí mímí ń nira fún, kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ yẹ ìléru yín àti igi yín wò nísinsìnyí, kí ẹ sì bá àwọn aládùúgbò yín sọ̀rọ̀ kí èéfín tó dá ìjà sílẹ̀.