Òkúta Tó Ń Yí, Ilẹ̀ àti Igbó: Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Ara Òkè

Lórí máàpù ewu tí wọ́n ń lò ní Switzerland, ilé tó wà ní ẹsẹ̀ òkè lè bọ́ sínú àwọ̀ pupa, búlúù tàbí ìyeyè. Pupa túmọ̀ sí pé, lọ́pọ̀ ìgbà, a kò gbọdọ̀ kọ́ ilé tuntun síbẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n fi ń pín àwọ̀ náà: bí òkúta ṣe lè máa já bọ́ síbẹ̀ léraléra tó, àti agbára tí yóò ní nígbà tó bá dé, ìyẹn agbára tó ti ara ìwúwo àti eré rẹ̀ wá. Bí agbára ọ̀hún kò bá tó kìlójúùlù 30, wọ́n kà á sí kékeré. Láti 30 dé 300, ó wà ní àárín. Bó bá ti kọjá 300, ó di èyí tó le. Ní ẹnu ààlà bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ baba ẹlòmíràn ti lè di ilẹ̀ tí kò ṣe é kọ́lé sí.

Kò sí ẹni tí yóò jókòó fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún kó máa dúró de òkúta. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń lo ètò kọ̀ǹpútà. Méjì tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Rockyfor3D, tí Luuk Dorren ṣe, àti RAMMS::ROCKFALL, tó wá láti ilé ìwádìí SLF ní ìlú Davos. Ẹ̀gbẹẹgbẹ̀rún òkúta ni wọ́n máa ń jù sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láti ojú àpáta kan náà, tí wọn yóò sì wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí. Òfin ìṣípòpadà kò ṣòro fún kọ̀ǹpútà rárá. Ilẹ̀ àti igbó ni kò mọ̀, ènìyàn ló sì gbọ́dọ̀ sọ wọ́n fún un. Èrò tèmi ni pé níbi ìsọfúnni yìí gan-an ni òtítọ́ tàbí irọ́ máàpù náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìrísí ilẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń ta ìtànṣán lésà sí ara òkè, wọn a sì yọ igi àti ilé kúrò nínú ohun tí lésà rí, títí yóò fi ku ilẹ̀ gbalaja. Lára ohun tí wọ́n ń lò ní Switzerland ni swissALTI3D, tí ojú àwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà tàbí mítà 2. Mo pè é ní àwọ̀n nítorí pé bí àwọ̀n apẹja ló ṣe rí: ohun tó bá kéré ju ojú rẹ̀ lọ yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀ jù, ọ̀nà kékeré tí àwọn agégi là sí ẹ̀gbẹ́ òkè yóò pòórá, bẹ́ẹ̀ sì ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè dá òkúta dúró, ó sì lè jẹ́ ibi tí yóò ti fò sókè.

Ohun tí àwọ̀n kò gbé ni wọ́n ń pè ní ìgbágungbàgun ilẹ̀. Rockyfor3D ń fẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta fún un: gíga ìdènà tí òkúta yóò bá pàdé lórí ìdá 70, ìdá 20 àti ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, irú ilẹ̀ wo ni? Ilẹ̀ rírọ̀ máa ń gbé agbára òkúta mì. Àpáta líle a sì ta á padà sókè. Kò sí ẹni tó lè fi àga ọ́fíìsì mọ èyí. Àwọn àgbà ní òkèèrè la ti í wo igi gogoro kó má baà gún ni lójú. Nínú iṣẹ́ yìí, àfi kí a sún mọ́ ọn, kí a gun òkè náà, kí a sì kọjú sí ìsàlẹ̀ bí òkúta yóò ṣe kọjú sí i.

Igbó ló tún le jù. Nínú Rockyfor3D, a lè kọ ipò àti ìbú igi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tàbí kí a kàn sọ iye igi tó wà lórí hẹ́kítà kan, ìbú wọn ní gíga àyà ènìyàn, àti ìdá tó jẹ́ igi abẹ́rẹ́ nínú wọn. Ìbú yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìṣirò tí ètò náà ń lò fi hàn pé bí ìbú igi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó lè gbà lọ́wọ́ òkúta yóò tó ìlọ́po márùn-ún. Igi fir tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 lè gba nǹkan bíi kìlójúùlù 39, bí òkúta bá kọlù ú láàárín gbùngbùn. Èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 lè gba nǹkan bíi 194. (Igi beech gbà jù ú lọ, igi spruce kò tó o díẹ̀.) Ká wá mú òkúta oníkìlógíráàmù 2,700, tó ń sáré mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 304, ó ti kọjá ààlà. Bó bá kọlu igi kékeré yẹn, yóò ku 265, eré rẹ̀ yóò sì tó mítà 14 síbẹ̀. Bó bá kọlu igi ńlá, 110 péré ni yóò kù, eré náà yóò sì wálẹ̀ sí mítà 9. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ igi ló fi ara gbún, àdánù rẹ̀ kéré, yóò kàn yí ọ̀nà padà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fi àṣìṣe kọ 40 sílẹ̀ dípò 20 ti fi ààbò tí kò sí fún àwọn tó ń sùn nísàlẹ̀.

Àwọn ìṣirò wọ̀nyí kò ti inú afẹ́fẹ́ wá. Ní Vaujany, ní apá Alps ti ilẹ̀ Faransé, Dorren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí òkúta gidi, bí ọgọ́rùn-ún, sísàlẹ̀ níbi tí igi wà, wọ́n sì ṣe bákan náà níbi tí kò sí igi. Eré àwọn tó gba inú igbó kọjá dínkù, púpọ̀ nínú wọn kò sì dé ìsàlẹ̀. Àwọn ará Davos ní tiwọn tẹnu mọ́ ìrísí òkúta. Ìdánwò wọn ní Chant Sura fi hàn pé òkúta tó rí bí kẹ̀kẹ́ máa ń yà sọ́tùn-ún sósì ju èyí tó ní igun ọgbọọgba lọ, ìdí sì nìyí tí òkúta inú RAMMS fi ní igun àti ojú, tí kì í ṣe róbótó bíi bọ́ọ̀lù.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé máàpù wá nìyí: igbó ọdún wo lẹ lò? Àpáta lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìran púpọ̀, ṣùgbọ́n igi kì í ṣe ògiri. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, ìjì Lothar wó igbó rẹpẹtẹ lulẹ̀ ní Faransé, Switzerland àti Jámánì. Kòkòrò abẹ́ èèpo igi spruce náà lè pa gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè kan láàárín ọdún díẹ̀. Síbẹ̀, igi tó ti wó kò di asán lójú ẹsẹ̀: ìdánwò ní Switzerland fi hàn pé igi tó sùn sílẹ̀ máa ń dá òkúta dúró dáadáa, àmọ́ bó ti ń jẹrà ni ààbò náà ń lọ. Ó yẹ, nígbà náà, kí a ṣe ìṣirò náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: pẹ̀lú igbó òní, láìsí igbó rárá, àti pẹ̀lú igi tó ti wó. Àlàfo tó wà láàárín àwọn èsì náà ni iye tí igbó náà jẹ́ fún abúlé.

Kí a tó gba èsì èyíkéyìí gbọ́, ẹlẹ́rìí wà lórí òkè, bí kò tilẹ̀ fọhùn. Òkúta tó ti já bọ́ nígbà kan rí ṣì wà níbi tó dúró sí, ojú ọgbẹ́ ara igi sì ń sọ bí òkúta ṣe fò ga tó nígbà tó kọjá. Bí ọgbẹ́ bá wà ní gíga mítà méjì, tí gbogbo òkúta inú kọ̀ǹpútà sì ń gba ìsàlẹ̀ mítà kan kọjá níbẹ̀, nọ́ńbà ilẹ̀ la máa tún yẹ̀ wò, a ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.